Nepuy, puuek, ke'ween: kí ni àwọn Yurok ń pe ẹja àti ẹran ìgbẹ́?

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ní òun rí i níbì kan pé àwọn Yurok, ìyẹn àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń gbé létí odò Klamath ní Kalifóníà, "oúnjẹ" ni wọ́n ń pe ẹja, ó ní ṣé òótọ́ ni àbí àwọn òyìnbó ló tún ń sọ tiwọn, ó sì ní kí ẹni tó bá mọ̀ bá òun ka orúkọ nǹkan ọdẹ àti nǹkan apẹja tí wọ́n ní. Òótọ́ ni o, àmọ́ tí mo bá kàn ka orúkọ lọ bẹẹrẹ, kò ní yé yín, torí pé ọ̀rọ̀ ẹja àti ọ̀rọ̀ ọdẹ lédè yẹn, odò ló so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, ó máa gùn.

Nepuy lọ̀rọ̀ tí ẹ rí yẹn, sámọ́nì ni. Nep- tó wà níwájú ẹ̀, "jẹ" ni lédè wọn, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé òun ń jẹun á ní nepek'. Nítorí náà nepuy, ohun tí à ń jẹ ni. Kò sì yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu rárá, ṣebí ẹran là ń pe èyí tó ń sá nínú igbó, ẹran náà là ń pe èyí tó wà nínú ọbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bi wá pé kí ló dé. Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ ni pé ẹja kan ṣoṣo ló gba orúkọ yẹn láàárín gbogbo ohun tí wọ́n ń jẹ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń jẹ àgbọ̀nrín, wọ́n ń jẹ èso igi oak tí wọ́n máa ń lọ̀ tí wọ́n á sì rò bí ẹ̀kọ, wọ́n ń jẹ ohun tó wà létí òkun. Sámọ́nì nìkan ni wọ́n wá pè ní ohun jíjẹ. Ìyẹn nìkan ti tó láti mọ ohun tó ń bọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí wọ́n wà. Odò Klamath ti Oregon ṣàn wá, ó la orí òkè kọjá, ó wá wọ òkun Pàsífíìkì ní apá àríwá Kalifóníà, àwọn Yurok ló ni ìsàlẹ̀ odò náà àti etí òkun tó wà nítòsí ẹ̀. Orúkọ "Yurok" gan-an kì í ṣe èdè wọn o. Àwọn Karuk tó wà lókè odò ló ní in, yúruk lédè Karuk ni "ìsàlẹ̀ odò", káruk sì ni "òkè odò", àwọn òyìnbó tó ń béèrè ọ̀nà ló gbọ́ ọ tí wọ́n fi ṣe orúkọ ẹ̀yà. Àwọn fúnra wọn ń pe ara wọn ní Pueleek-lo', ìyẹn náà sì jẹ́ ará ìsàlẹ̀ odò, tàbí kí wọ́n kàn ní Oohl, ènìyàn. Ẹ̀yà kẹta níbẹ̀ ni àwọn Hupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Trinity. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nípa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìyí, àṣà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, ijó kan náà, owó kan náà, irú ilé kan náà, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, síbẹ̀ èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bára wọn tan rárá. Yurok àti Wiyot, èdè mìíràn tó wà létí òkun níbẹ̀, ìbátan àwọn èdè tí wọ́n ń pè ní Algonquian ni wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èdè Algonquian sì wà lápá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọ̀nà jíjìn réré. Sapir, onímọ̀ èdè kan, ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ní 1913, wọ́n bá a jà lórí ẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó gbà. Torí náà tí ẹ bá rí ìwé ọ̀rọ̀ tó kó ti Yurok, Karuk àti Hupa pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ ẹja lédè Yurok, ọ̀rọ̀ ibi ló máa kọ́kọ́ mọ̀. Kì í ṣe àríwá àti gúúsù ni wọ́n fi ń júwe, òkè odò àti ìsàlẹ̀ odò ni, ìhà odò àti ìhà orí òkè. Tí odò bá yà, ìjúwe náà á yà tẹ̀lé e, kódà nínú ilé wọ́n lè sọ fún èèyàn pé nǹkan wà ní ìhà òkè odò. Rek'woy, tí máàpù òyìnbó ń pè ní Requa, ẹnu odò ni ìtumọ̀ ẹ̀. Weitchpec tó wà lókè, ibi tí Trinity ti wọ Klamath, ibi tí odò méjì ti pàdé ni orúkọ ẹ̀ lédè wọn. Ìdí tí èyí fi kan apẹja kò ṣòro: sámọ́nì, òkè odò ni wọ́n ti bí i, ó á lọ gbé inú òkun fún ọdún bíi mélòó kan, ó á wá padà sínú odò tí wọ́n ti bí i gan-an láti yé ẹyin, chinook tó tóbi jù nínú wọn, tó bá ti yé ẹyin tán, ó kú nìyẹn. Ó ń wá nígbà ìrúwé, ó sì ń wá nígbà ìwọ́wé. Nítorí náà òkè àti ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà lásán, ojú ibi tí oúnjẹ ń gbà wọlé ni, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ẹni tó wà lókè ń retí ohun tí ará ìsàlẹ̀ bá jẹ́ kó kọjá.

Irinṣẹ́ wọn wá ńkọ́? Àwọ̀n pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ jù ni àwọ̀n tí wọ́n so mọ́ igi gígùn méjì tó dúró bí lẹ́tà A, apẹja á kan pákó jáde sórí omi níbi tí omi ti ń yí padà sẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni sámọ́nì ti máa ń sinmi, á wá ri àwọ̀n náà sínú omi, á jókòó, okùn kan á wà lọ́wọ́ ẹ̀ tó máa jẹ́ kó mọ̀ tí ẹja bá ti wọlé, á sì gbé e sókè kíá. Wọ́n tún ní àwọ̀n tí wọ́n ń na sínú odò tí wọ́n fi òkúta dè nísàlẹ̀ kó má baà léfòó, wọ́n ní ọ̀kọ̀ olórí méjì tí orí ẹ̀ máa ń já sára ẹja tí okùn á sì fà á wálé. Okùn àwọ̀n wọ̀nyẹn, ẹ gbọ́, ewé iris, ìyẹn òdòdó kan, ni wọ́n ti ń fà á, ewé kan kì í mú ju fọ́nrán méjì jáde, ọ̀kan ní etí ọ̀tún, ọ̀kan ní etí òsì. Àwọn obìnrin ló ń fi ìkarahun bọ àtàǹpàkò tí wọ́n fi ń họ ọ́ jáde, àwọn ọkùnrin ló wá ń hun ún. Ẹ ronú iye ewé tí wọ́n máa fà kí àwọ̀n kan tó pé, mi ò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè pe irú iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ aláìmọ̀kan, bí àwọn ìwé àtijọ́ kan ṣe ń sọ.

Ojú ibi tí wọ́n kan pákó sí yẹn wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Dúkìá ni. Èèyàn lè jogún ẹ̀, ó lè tà á, ó lè fi san gbèsè, èèyàn púpọ̀ sì lè jọ ní in tí oníkálùkù á máa lo ọjọ́ tiẹ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé. Ìwọ ò gbọdọ̀ lọ dá ojú ibi tuntun sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ti ẹlòmíì kó o máa gba ẹja mọ́ ọn lẹ́nu kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, tó o bá ṣe é, wàá san owó. Kroeber, òyìnbó onímọ̀ àṣà tó gbé láàárín wọn nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kọ èyí sílẹ̀ dáadáa. Àwọn èèyàn máa ń fẹ́ gbọ́ pé àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà "ò mọ ohun tó ń jẹ́ temi ni", tí ẹ bá sọ ìyẹn fún Yurok á fi yín rẹ́rìn-ín, torí kò sí ohun tí kò ní iye owó lọ́dọ̀ wọn, títí dórí èébú, títí dórí pípe orúkọ òkú. Bẹ́ẹ̀ ni, tí èèyàn bá kú, orúkọ ẹ̀ di èèwọ̀, ẹni tó bá pè é létí ẹbí ẹ̀ á san owó ìtanràn.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Kepel. Láyé àtijọ́, lọ́dọọdún, wọ́n máa ń fi igi ṣe ọgbà dí odò níbẹ̀ láti etí kan dé èkejì, aláṣẹ kan tó mọ ọfọ̀ ẹ̀ ló ń darí wọn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, apá mẹ́wàá ni wọ́n pín in sí, tí wọ́n bá parí ẹ̀ wọ́n á fi ọjọ́ mẹ́wàá kó ẹja, wọ́n á wá tú u ká fúnra wọn. Gbogbo iṣẹ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́wàá! Àmọ́ tí wọ́n bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Hupa àti Karuk tó wà lókè ò ní rí nǹkan jẹ, ìyẹn ogun nìyẹn, yàtọ̀ sí pé ẹja tí kò bá dé òkè kò ní yé ẹyin, ọdún tó ń bọ̀ á wá di ọdún ìyàn. Ní ẹnu odò náà, ní Welkwew, ètùtù sámọ́nì àkọ́kọ́ wà, ṣáájú ètùtù yẹn ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò gbọdọ̀ fi nepuy ọdún tuntun kan ẹnu, ebi ì báà máa pa á. Ẹni tó bá fẹ́ lè pe ìyẹn ní ìgbàgbọ́ lásán, èmi rò pé òfin ni, wọ́n kàn gbé e wọ aṣọ ètùtù kí aláfojúdi má baà lè jiyàn.

Sámọ́nì nìkan kọ́ o. Ke'ween wà, òyìnbó ibẹ̀ ń pè é ní eel àmọ́ kì í ṣe eel tòótọ́, lamprey ni, ó gùn gbọọrọ, kò ní ìpẹ́, kò ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rárá, ẹnu ẹ̀ rí róbótó tó sì kún fún eyín, ó ń lẹ̀ mọ́ ẹja mìíràn lára nínú òkun láti mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Tó bá padà wọ odò, ní ìgbà òtútù, àwọn ọkùnrin á dúró sí ẹnu odò níbi tí ìgbì ti ń rú, wọ́n á fi ọ̀pá tó ní ìkọ́ lẹ́nu gbá a jáde sórí iyanrìn, wọ́n á sì sáré lọ gbá òmíràn. Lókè odò, ìgèrè ni wọ́n fi ń dẹ ẹ́. Ọ̀rá ẹ̀ pọ̀ gan-an, àwọn àgbà ibẹ̀ sì fẹ́ràn ẹ̀ débi pé àwọn kan ń sọ pé ó dùn ju nepuy lọ. Kahkah ni ẹja ńlá tí òyìnbó ń pè ní sturgeon, ara ẹ̀ ní pátákó eegun dípò ìpẹ́, ó lè pẹ́ láyé bí èèyàn. Ẹja kékeré wẹ́wẹ́ náà wà létí òkun tí wọ́n ń fi àwọ̀n kó nígbà tí ìgbì bá gbé e wá, orí iyanrìn ni wọ́n ń sá a sí. Candlefish ló bà mí nínú jẹ́ nínú gbogbo wọn, ọ̀rá ara ẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé tó bá gbẹ, èèyàn lè tan iná sí i bí àbẹ́là, ó máa ń wọ Klamath yàà nígbà kan, látìgbà ọdún 1980 síwájú ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Ọmọ tó bá kọ́ orúkọ ẹ̀ lédè Yurok báyìí, ó ṣeé ṣe kó má tíì fojú kàn án rí.

Ó ku ti ọdẹ. Puuek ni àgbọ̀nrín ibẹ̀, mewihl ni elk, ẹran bí àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n ó tóbi tó màlúù, akọ ẹ̀ ní ìwo tó ní ẹ̀ka bí igi. Ọrun tí wọ́n ń lò, igi yew ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á lẹ iṣan ẹran mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kó lè le. Àmọ́ tàkúté olókùn ló ń ṣiṣẹ́ jù, okùn iris yẹn náà ni, wọ́n á na án sójú ọ̀nà tí ẹran ń gbà, àwọn ajá á wá lé e wá sínú ẹ̀. Wọ́n sì ń finá sun orí òkè ní àkókò tó yẹ, kí koríko tuntun lè hù fún puuek àti mewihl, kí igi tí àwọn obìnrin fi ń hun apẹ̀rẹ̀ lè rú ọ̀mùnú tó gún régé. Gọ́mẹ́ǹtì Amẹ́ríkà kà á léèwọ̀ fún wọn lọ́pọ̀ ọdún, wọ́n ní ìparun igbó ni, ìgbà tí iná ńlá wá ń jó Kalifóníà lọ́dọọdún ni wọ́n tó ń padà lọ bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe ń ṣe é.

Ọdẹ kì í kàn gbé ọrun kó wọgbó. Ó máa ń wọ ilé ìlàágùn lákọ̀ọ́kọ́, iná á jó níbẹ̀, á làágùn, á fi ewé ra ara, á sì yẹra fún obìnrin. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ẹran ló ń fi ara ẹ̀ fún ọdẹ tó bá pa èèwọ̀ mọ́, kì í lọ sọ́dọ̀ onímàgòmágó. Puuek funfun, ìyẹn àfín àgbọ̀nrín, ni awọ ẹ̀ níye lórí jù, òun ni wọ́n ń gbé sórí ọ̀pá nínú ijó ńlá tí wọ́n fi ń tún ayé ṣe, pẹ̀lú òkúta obsidian dúdú gígùn tí wọ́n gbẹ́ bí abẹ. Kì í ṣe pé wọ́n ń lọ pa òmíràn nítorí ijó o, ogún ìdílé ni awọ wọ̀nyẹn, láti ọwọ́ bàbá sí ọmọ, ẹlòmíì kì í rí ọ̀kan kó jọ láyé ẹ̀.

Nípa kíkà nǹkan, níbí ni èdè wọn ti le. Ẹ lè má gbà mí gbọ́ àmọ́ "mẹ́ta" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Èèyàn mẹ́ta ní tiẹ̀, ẹranko àti ẹyẹ mẹ́ta ní tiẹ̀, nǹkan róbótó, ilé, ọkọ̀ ojú omi, ohun tó gùn bí ejò àti odò àti ọ̀nà, oníkálùkù pẹ̀lú ìrísí tiẹ̀, títí dórí oríkèé ìka tí wọ́n fi ń wọn nǹkan. Oríkèé ìka yẹn, owó ló kàn. Cheek ni wọ́n ń pe owó wọn, ìkarahun dentalium ni, funfun, tín-ín-rín, ó ṣófo nínú, ó ti ọ̀nà jíjìn lápá àríwá wá, bó bá ṣe gùn sí ló ṣe níye lórí sí. Wọ́n á sín in sókùn, àwọn ọkùnrin á sì fín ilà sí apá kí wọ́n lè fi wọn okùn owó. Inú ìwo mewihl tí wọ́n gbẹ́ ihò sí ni wọ́n ń kó o pa mọ́ sí. Ẹ rí i pé ọdẹ tún dé inú àpò owó.

Yoch ni ọkọ̀ ojú omi, keehl sì ni igi redwood tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, igi tó ga ju gbogbo igi ayé lọ. Èyí tó ti wó sílẹ̀ fúnra ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò. Nínú ọkọ̀ náà, wọ́n á gbẹ́ imú sí i, wọ́n á gbẹ́ ọkàn sí i, wọ́n á gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, torí pé ohun ẹlẹ́mìí ni lójú wọn.

Ẹni tó béèrè ò béèrè ti ayé òde òní, ṣùgbọ́n n ò lè fò ó torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣì wà lẹ́nu èèyàn. Ní 1969 àwọn wọ́dà tó ń mójú tó ọdẹ àti ẹja pípa fún sítéètì Kalifóníà gba àwọ̀n márùn-ún lọ́wọ́ Raymond Mattz, wọ́n ní ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ Yurok mọ́ lábẹ́ òfin, ọ̀rọ̀ náà dé kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ní 1973 kọ́ọ̀tù ní irọ́ ni, ilẹ̀ wọn ṣì ni. Ní 2002, oṣù kẹsàn-án, omi odò lọ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ti darí ẹ̀ lọ fún àwọn àgbẹ̀ lókè, omi tó kù gbóná, àrùn wọnú ẹja, ó lé ní 34,000 ẹja tó kú káàkiri etí odò, sámọ́nì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ló di àgbà tó ń bá àwọn dáàmù jà. Dáàmù mẹ́rin lókè odò ni wọ́n ń bá jà, àkọ́kọ́ nínú wọn ti wà láti 1918, wọ́n wó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín 2023 sí 2024, kí 2024 tó parí nepuy ti gba ibẹ̀ kọjá dé Oregon, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2019 ìgbìmọ̀ Yurok ti kéde pé odò náà ní ẹ̀tọ́ bí èèyàn lábẹ́ òfin wọn.

Èdè náà ńkọ́? Archie Thompson, tí wọ́n kà sí ẹni ìkẹyìn tó fi Yurok dàgbà gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́sọ, kú ní 2013. Wọ́n ń kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ báyìí, ilé ẹ̀kọ́ girama Eureka wà nínú wọn. Tí ẹ bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà ìkọ̀wé ju ẹyọ kan lọ, àwọn Yurok fúnra wọn máa ń fi dáàṣì pín ọ̀rọ̀, àwọn onímọ̀ èdè kì í fi í, nítorí náà ney-puy àti nepuy, ọ̀rọ̀ kan ni, key'-ween àti ke'ween náà bẹ́ẹ̀. Hl tí ẹ bá rí nínú mewihl àti keehl, ẹ gbé ahọ́n síbi tí ẹ ti ń pe l, kí ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láìfi ohùn sí i. Àmì ' sì ni ibi tí ọ̀nà ọ̀fun ti máa ń pa dé lẹ́ẹ̀kan, ẹ má fò ó o, torí lẹ́tà gidi ni lọ́dọ̀ wọn.